Ọ̀rọ̀ tí Ọ́ìlì ń Sọ: Àlàyé lórí Àyẹ̀wò Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì àti Àkókò tí ó Yẹ láti Pààrọ̀ Rẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò wò, bí wọ́n ṣe ń ka èsì àyẹ̀wò náà, àti bí wọ́n ṣe ń fi èsì ọ̀hún pinnu ìgbà tí ó yẹ láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Kókó rẹ̀ ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo kò tó dájọ́. Ìtàn ẹ́ńjìnnì, ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, àti bí àwọn nọ́ńbà ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà ni ó ń fi òótọ́ hàn. Iṣẹ́ náà tún tọ́ka sí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí olùkọ́ lè lò láti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí.

1.0 Ìfáárà

Ó ṣòro láti rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí kò gbára lé ẹ́ńjìnnì. Bọ́ọ̀sì ni ó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Jẹnẹrétọ̀ ni ó sì ń fún yàrá ìkàwé àti ilé-gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ ní iná nígbà tí iná mànàmáná bá lọ. Bí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá nọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ náà ju ti owó àtúnṣe lọ: iṣẹ́ a dúró, òkùnkùn a sì gba gbogbo ọgbà.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì. Èkínní ni kí wọ́n tẹ̀lé òǹkà tí mẹkáníìkì fi lélẹ̀, irú bíi kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́ta. Èkejì ni kí wọ́n fa géèjì ọ́ìlì yọ, kí wọ́n fi ìka kàn án, kí wọ́n sì wo àwọ̀ rẹ̀. Òǹkà dára fún ìṣọ́ra, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ojú ọ̀nà eléruku ni mọ́tò náà ń rìn tàbí ojú títì ọlọ́dà. Àwọ̀ pàápàá a máa tan ènìyàn jẹ. Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì tí ń lo dísẹ̀lì lè dúdú láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bá dà á sí i, nítorí pé ó ń gbé èédú èéfín mọ́ra kí ó má baà lẹ̀ mọ́ irin. Dídúdú yẹn kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́. Àmì pé ó ń ṣiṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ́ìlì tí ó mọ́ lójú lè ti gba epo tàbí ìyẹ̀fun irin tí ojú lásán kò lè rí.

Ọ̀nà kẹta ni àyẹ̀wò. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè Denver and Rio Grande Western ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó. Ní ọdún 1946, yàrá àyẹ̀wò wọn ní ìlú Denver wá ìyẹ̀fun irin nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ èyí tí àrùn ti wọ̀ kí ó tó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1955, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọgbọ́n kan náà fún ọkọ̀ òfurufú wọn. Lónìí, ó ti di ohun tí àwọn tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ ojú omi àti jẹnẹrétọ̀ ńlá ń lò.

2.0 Iṣẹ́ tí Ọ́ìlì ń Ṣe nínú Ẹ́ńjìnnì

Ọ́ìlì a máa ya irin kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì kí wọ́n má baà ha ara wọn. A máa gbé ooru kúrò, a máa fọ ìdọ̀tí, a sì máa pa agbára ásíìdì tí imí-ọjọ́ inú epo ń dá sílẹ̀ nígbà tí ó bá jóná. Kí ó lè ṣe gbogbo èyí, àwọn tí ó ṣe é ti fi èròjà àfikún sí i. Kálísíọ̀mù wà lára èyí tí ń fọ ìdọ̀tí tí ó sì ń dojú kọ ásíìdì. Síǹkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ó ń bo ojú irin.

Ibi gbogbo nínú ẹ́ńjìnnì ni ọ́ìlì ń dé, ìdí nìyẹn tí ó fi ń gbé ìròyìn ibi gbogbo wá. Ìbéèrè méjì ni ìròyìn náà ń dáhùn, wọn kò sì gbọdọ̀ da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì: ǹjẹ́ ọ́ìlì yìí ṣì dára? Ǹjẹ́ ara ẹ́ńjìnnì yìí ṣì le? Ọ́ìlì lè dára kí ẹ́ńjìnnì máa ṣàìsàn. Ẹni tí ó bá kàn pààrọ̀ ọ́ìlì nírú ipò bẹ́ẹ̀ ti da ẹlẹ́rìí nù, ọ̀daràn sì wà nínú ilé síbẹ̀.

3.0 Bí Wọ́n ṣe ń Ṣe Àyẹ̀wò Náà

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́, kí ara rẹ̀ sì gbóná, kí wọ́n tó gba ọ́ìlì fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ni wọn yóò gbà, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó ń ṣàn láàárín ni. Ìgò mímọ́ gbígbẹ ni wọn yóò gbà á sí, nǹkan bíi mìlílítà 100. Wọn yóò kọ ọjọ́, orúkọ ọ́ìlì, wákàtí tàbí kìlómítà tí ọ́ìlì náà ti lò, iye tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ti lò, àti iye ọ́ìlì tí wọ́n ti bù kún un. Àyẹ̀wò tí kò ní àkọsílẹ̀ wọ̀nyí dà bí ẹ̀rí tí a kò mọ ẹni tí ó jẹ́ ẹ.

Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á fi ooru líle sun díẹ̀ nínú ọ́ìlì náà. Oríṣi irin kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tí ó ń tàn jáde. Ẹ̀rọ a ka ìmọ́lẹ̀ náà, a sì sọ iye irin tí ó wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù, èyí tí í ṣe mílígíráàmù kan nínú kìlógíráàmù kan ọ́ìlì.

Àléébù ẹ̀rọ yìí kan wà tí ó yẹ ní mímọ̀. Ìyẹ̀fun kíkúnná ni ó ń rí dáadáa. Èérún irin tí ó bá ti tóbi ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà lọ a máa bọ́ mọ́ ọn lójú. Nítorí náà, ó yẹ kí mẹkáníìkì gé fítà ọ́ìlì tí wọ́n yọ, kí ó sì wo inú rẹ̀ fún èérún tí ń dán.

4.0 Kíka Èsì Àyẹ̀wò

Ohun mẹ́rin ni òǹkàwé èsì ní láti wò.

(a) Irin tí ń jẹ. Irin gidi ń wá láti ara sílíńdà, kíráǹkì àti gíà. Álúmínọ́mù láti ara písítìnnì. Kírómíọ̀mù láti ara ríìǹgì. Bí òjé, tánńganran àti bàbà bá jọ ń pọ̀ sí i, bẹ́árìnnì ni ó ń jẹ. Bàbà nìkan lè wá láti ara ẹ̀rọ tí ń mú ọ́ìlì tutù.

(b) Àjèjì tí ó wọlé. Sílíkọ́ọ̀nù ni àmì eruku, ó sì ṣe pàtàkì ní àsìkò ọyẹ́. Bí òun àti irin bá jọ gòkè, kí wọ́n yẹ éà fítà àti rọ́bà ẹnu rẹ̀ wò, nítorí eruku ń wọlé, ó sì ń ha irin. Bí sílíkọ́ọ̀nù nìkan bá gòkè lẹ́yìn àtúnṣe, ó lè jẹ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ gáásíkẹ́ẹ̀tì. Sódíọ̀mù àti pòtásíọ̀mù a máa fi hàn pé omi rẹdiétọ̀ ti ń jò sínú ọ́ìlì, nítorí èròjà tí wọ́n ń fi sí omi náà. Níbi tí awakọ̀ bá ti ń da omi lásán sí rẹdiétọ̀, àwọn èròjà yìí lè má fara hàn. Omi fúnra rẹ̀ ni wọn yóò wá. Ọ́ìlì tí ó bá ti gba omi púpọ̀ a máa funfun bí ògì.

(d) Ìki. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ 40 sí lára gbọ́dọ̀ ní ìki tí ó tó 12.5 ṣùgbọ́n tí kò tó 16.3 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtísítóòkù nígbà tí ooru rẹ̀ bá jẹ́ 100°C. Ti 30 bẹ̀rẹ̀ láti 9.3, kò sì gbọdọ̀ tó 12.5. Bí àyẹ̀wò bá sọ pé ọ́ìlì 40 ti di 11, ó ti ṣàn jù. Ó ṣeé ṣe kí epo ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá ki jù, ooru ti sè é jù tàbí èédú èéfín ti pọ̀ nínú rẹ̀.

(e) Agbára ìpa-ásíìdì. Agbára yìí pọ̀ nínú ọ́ìlì tuntun, a sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé fún ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ni pé bí ó bá ti dín kù dé ìdajì ti àtètèkọ́ṣe, àkókò ìpààrọ̀ ti dé.

5.0 Nọ́ńbà Kan Kò Tó Dájọ́

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí bá àyẹ̀wò ọ́ìlì mu gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé irin inú ọ́ìlì bọ́ọ̀sì kan jẹ́ 20 lẹ́yìn kìlómítà 5,000, tí ti bọ́ọ̀sì kejì irú rẹ̀ sì jẹ́ 30 lẹ́yìn kìlómítà 10,000, ẹni tí ó yára yóò sọ pé èkejì ni ara rẹ̀ kò dá. Ìṣirò sọ ohun mìíràn: ìdá 4 ni ti àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ̀rún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ìdá 3 péré ni ti èkejì. Bákan náà, ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ ọ́ìlì, tí wọ́n ń bu tuntun kún un lójoojúmọ́, lè ní nọ́ńbà kékeré nítorí pé àbùkún ti là á.

Ìyípadà ni kí òǹkàwé máa wò. Bí irin inú ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ kan bá jẹ́ 12, 13 àti 12 ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra lẹ́yìn iye wákàtí kan náà, tí ó sì wá di 31 ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ohun kan ti ṣẹlẹ̀, kódà bí 31 kò bá tíì kọjá ààlà tí yàrá àyẹ̀wò tẹ̀ jáde. Ààlà yẹn wà fún ẹ́ńjìnnì púpọ̀. Ìtàn wà fún ẹ́ńjìnnì kan. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Síbẹ̀, kí wọ́n tó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tún gba ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kejì, bóyá ìgò ẹlẹ́gbin ni ó fa èsì àkọ́kọ́.

6.0 Pípinnu Àkókò Ìpààrọ̀

Ìwé ìlànà ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì ni ìpìlẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ìlànà fún àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké Honda GX ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn oṣù kan tàbí wákàtí 20, lẹ́yìn náà kí ó máa jẹ́ oṣù mẹ́fà tàbí wákàtí 100, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ẹ̀mí òfin náà. Jẹnẹrétọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́ yóò pé wákàtí 100 láàárín ọjọ́ 13. Bí onílé bá wá fi òfin oṣù mẹ́ta ti mọ́tò mú un, yóò ti lo wákàtí 720 lórí ọ́ìlì kan ṣoṣo. Fún irú ẹ́ńjìnnì kékeré bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò kò pọn dandan. Ọ́ìlì inú rẹ̀ kéré, owó rẹ̀ kò sì tó owó àyẹ̀wò. Kí wọ́n ka wákàtí, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò.

Ti jẹnẹrétọ̀ ńlá àti bọ́ọ̀sì ni àyẹ̀wò yẹ fún. Bí ìwé ìlànà bá sọ wákàtí 250, kí wọ́n gba ọ́ìlì wò ní 250 náà. Bí ìki bá dúró, tí agbára ìpa-ásíìdì ṣì pọ̀, tí irin kò sì fò sókè, wọ́n lè fi 50 kún un nígbà tí ó tẹ̀lé e, kí wọ́n sì tún wò ó. Bí omi tàbí epo bá wà nínú rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n sì wá ibi tí ó ti ń jò. Bí ọ́ìlì bá dára ṣùgbọ́n tí irin ń gòkè, kí wọ́n má ṣe sún àkókò síwájú. Kí wọ́n wá ohun tí ń jẹ irin, nítorí àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ́ńjìnnì tuntun tí ó ṣì wà lábẹ́ àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́ kò sì gbọdọ̀ kọjá iye tí ìwé rẹ̀ sọ.

Pípààrọ̀ ọ́ìlì kí ó tó tó àsìkò náà ní ìpalára tirẹ̀. Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù a máa pọ̀ sí i. Lóòótọ́ àwọn káfíńtà ń fi kun pákó nítorí ikán, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá dà sílẹ̀ tàbí sí gọ́tà a máa ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Inú kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí ni ó yẹ kí wọ́n kó o sí.

7.0 Ohun tí Ẹ̀kọ́ Yìí jẹ́ fún Olùkọ́

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ẹ̀kọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì jẹ́ ibi tí olùkọ́ òde òní ti lè tẹ̀ síwájú ní ojú ọ̀nà kan náà. Ọmọ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀kọ tí ó ki àti èyí tí ó ṣàn ti mọ ohun tí ìki jẹ́. Ìṣirò bọ́ọ̀sì méjì tí ó wà lókè yìí tó fún ẹ̀kọ́ kan lórí ìpín. Níbi tí Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀, bí òjé, bàbà, tánńganran àti imí-ọjọ́, kí olùkọ́ lò ó. Níbi tí kò bá sí, kí ó yá ọ̀rọ̀ náà, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àwọ̀ ọ́ìlì kò tó ẹ̀rí, òǹkà mẹkáníìkì kò tó ẹ̀rí, nọ́ńbà kan láti yàrá àyẹ̀wò náà kò sì tó. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú láti ìpààrọ̀ kan dé èkejì ni ó ń sọ nọ́ńbà di ìmọ̀. Ìwé pélébé kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n ń kọ ọjọ́, wákàtí àti iye ọ́ìlì tí wọ́n bù kún un sí, kò ní owó kankan nínú. Ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ti bẹ̀rẹ̀.