Jíjogún Ipò Akọni nínú Ìtàn: Ìyàtọ̀ Láàrin Oyè àti Orúkọ

Bí akọni inú ìtàn bá kú, ǹjẹ́ ó tọ́ kí òǹkọ̀wé gbé ipò àti ẹ̀wù rẹ̀ wọ ẹ̀dá-ìtàn mìíràn? Ìbéèrè yìí kan olùkọ́ èdè, nítorí irú akọni bẹ́ẹ̀ ti ń wọ inú àròkọ àwọn ọmọ wa. Chadwick Boseman, tí ó ṣe ọba T'Challa nínú fíìmù Black Panther, kú ní ọdún 2020. Àwọn tí ó ṣe fíìmù náà kò wá òṣèré mìíràn láti di T'Challa. Shuri, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni ó jogún ipò náà nínú fíìmù ti ọdún 2022. Inú àwọn òǹwòran kan kò dùn sí i.

Èrò tiwa ni pé kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá oyè ni ohun tí akọni ń jẹ́, tàbí orúkọ. Bí Ajerò ti Ìjerò, Alárá ti Arámọkọ tàbí Aláayè ti Ẹ̀fọ̀n bá wàjà, ẹlòmíràn a jẹ oyè kan náà, ṣùgbọ́n oríkì tirẹ̀ ni a ó fi kì í. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ọmọbìnrin ọba tí ó wàjà ni í ṣe adelé. Yóò múra bí ọkùnrin, a ó sì máa kí i ní Kábíyèsí títí ọba tuntun yóò fi jẹ. (Ohun tí ó ya àwọn òǹwòran yẹn lẹ́nu kò lè ya àgbà Èkìtì lẹ́nu.) Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè é.

Ogun Kírìjì jẹ́rìí sí i. Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí ni ó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878. Nígbà tí Ògèdèngbé wá gba ìdarí ogun Èkìtìparapọ̀, kò di Fábùnmi. Ipò ni ó gbà, òkìkí Fábùnmi sì wà níbẹ̀ fún Fábùnmi. Ní ìhà kejì, Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú ní 1885. Oyè rẹ̀ ṣófo fún ọdún 79 kí S. L. Akíntọ́lá tó jẹ ẹ́ ní 1964, M. K. O. Abíọ́lá jẹ ẹ́ ní 1988, Gàní Adams ní 2018. Akíntọ́lá jẹ́ olóṣèlú, Abíọ́lá jẹ́ oníṣòwò, kò sì sí èyí tí ó darí ogun bíi Látòósà nínú wọn. Ṣùgbọ́n Aláàfin ni ó fi wọ́n jẹ, ìwúyè sì wáyé ní gbangba.

Ìwúyè yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń fò. Akọni kú lójú ewé kan. Lójú ewé kejì, àjèjì ti wọ ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ òkú kì í. Nítorí náà, bí ọmọ ilé-ìwé kan ní Ẹ̀fọ̀n bá kọ ìtàn tí ọmọbìnrin ti di Black Panther, kí olùkọ́ má ṣe fa igi lé e. Kí ó bi í pé: ta ni ó fi í jẹ, kí sì ni oríkì tirẹ̀?