Ẹrú tó ń ru ìwé fún ọmọ olówó rẹ̀ di ọ̀gá olùkọ́ Látìn

Bí wọ́n bá ti pe ènìyàn ní Jímọ̀ Télọ̀ tàbí Súlè Fọkanáísà, kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ti di orúkọ ẹni nìyẹn. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ wa mọ bó ṣe ń rí. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ òun náà lórúkọ, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ táyà. Èdè Látìn ló fi ń jẹun. Juan Latino ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé Juan Onílátìn. Ènìyàn dúdú bíi tiwa ni, ẹrú sì ni, ní ìlú Granada lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ó ti lé ní irínwó ọdún sẹ́yìn.

Kí wá ló ń jẹ́ Látìn? Ẹ̀yin ìyá wa àgbà tẹ́ ẹ wà ní Ìjọ Àgùdà kò ní í bèèrè. Èdè tí fádà fi ń ṣe Máàsì kó tó di nǹkan bí 1965 ni. Èdè àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ni. Nígbà ayé Juan, kò sí ìyá kan tó ń fi í rẹ ọmọ lẹ́kún mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ ọ kò lè ṣe lọ́yà, kò lè ṣe dókítà, kò sì lè kọ́ni ní yunifásítì kankan ní Yúróòpù. Látìn ni kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹ wá wo ẹni tí kọ́kọ́rọ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́!

Nǹkan bí ọdún 1518 ni wọ́n bí i. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé Etiópíà lòun ti wá, bẹ́ẹ̀ orúkọ tí àwọn òyìnbó ìgbà náà ń pe ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú káàkiri nìyẹn. Àwọn mìíràn ní ìlú Baena ní Sípéènì níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ẹrú bí i sí. Ilé ọlọ́lá kan ló ti dàgbà, ó ń sin ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gonzalo Fernández de Córdoba, ẹni tó di Dúùkù Sesa lẹ́yìn náà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe ẹrú náà ní Juan de Sesa nígbà náà. Orúkọ olówó rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára, bí ẹni fi irin gbígbóná sàmì sí màlúù.

Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé ni kó máa ru ìwé tẹ̀lé ọmọ olówó rẹ̀ lọ sílé ìwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ṣẹ́ rí, ṣé ẹ rántí ọmọ iṣẹ́ tí wọn kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, tó jẹ́ pé àpótí irinṣẹ́ ló ń gbé kiri, síbẹ̀ tí ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá? Bẹ́ẹ̀ ni Juan ṣe. Ìwé tó wà lórí rẹ̀ ń wọ inú orí rẹ̀ lọ.

Ọdún 1531 ni Ọba Charles dá yunifásítì Granada sílẹ̀. Ní 1546, Juan gba oyè ìwé àkọ́kọ́ níbẹ̀. Nígbà tó di 1556, wọ́n fi í joyè olùkọ́ Látìn ní ilé ìwé kàtídírà ìlú náà, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Pedro Guerrero wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbágbá. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹni tó ń ru ìwé ọmọ olówó ló wá ń na pàṣán sí ọmọ olówó pé kó ka ìwé rẹ̀ dáadáa!

Ẹ má rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni. Bí èmi àti ẹ̀yin bá sọ pé “Olè rí ọlọ́pàá,” a mọ ẹni tó rí ẹnì kejì. Bí a bá yí i sí “Ọlọ́pàá rí olè,” ọ̀rọ̀ ti yí padà, kí olè tètè sá. Látìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá wu ènìyàn ló lè gbé olè sí, ìparí ọ̀rọ̀ náà ni yóò sọ bóyá òun ló rí ni àbí òun ni wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè ní ìparí bíi mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ sì ni ọmọ ilé ìwé gbọ́dọ̀ há sórí. Tó bá ti há a tán, ewì ló kàn. Virgil ni baba àwọn akéwì wọn, ó sì ti kú ó lé ní 1500 ọdún kí wọ́n tó bí Juan. Òkè sódò ohùn la fi ń mọ ewì tiwa, tiwọn ní tiẹ̀, fífa ohùn gùn àti gígé e kúrú ni, ìṣísẹ̀ mẹ́fà ní ìlà kan. Ẹni tó bá ṣi ẹyọ kan ti ba gbogbo ìlà jẹ́, bí ìgbà tí ọmọ onílù bá fi ọ̀pá gbá ibi tí kò yẹ lójú agbo.

Juan mọ orin náà. Ilé èèyàn pàtàkì kan ló ti ń kọ́ ọmọbìnrin ilé náà, Ana de Carleval, ní orin. Ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ó fẹ́ ẹ! Òyìnbó pọ́nbélé, ọmọ onílé ọlá. Wọ́n sì bímọ, orúkọ àwọn ọmọ náà ń bẹ nínú ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ gba títíṣà lẹ́sìnnì wọlé, ẹ lajú o.

Ibi tí ìtàn ti gbóná nìyí. Ní October 7, 1571, ọkọ̀ ogun àwọn Kìrìsítẹ́nì Yúróòpù pàdé ti àwọn Tọ́kì lójú omi ní Lepanto, wọ́n ṣẹ́gun wọn. Don Juan ti Austria, ọmọ bàbá Ọba Philip Kejì, ni balógun wọn. Latino jókòó, ó fi Látìn kọ ewì gígùn kan lórí ogun náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Granada ní 1573. Nínú ìwé kan náà, ó kọ ewì sí ọba pé kó gba òun láyè láti ròyìn ogun ọ̀hún. Ó ní bí dúdú ojú òun bá ń bí àwọn ìránṣẹ́ ọba nínú, kí wọ́n rántí pé funfun ojú tiwọn náà kò wu àwọn ará Etiópíà, àti pé dúdú ni àwọn olóyè ibẹ̀. Hàà! Ọmọ ẹrú ló ń sọ bẹ́ẹ̀ sétí ọba tó lágbára jù ní Yúróòpù. Bí mo ṣe ka ibẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò dùn mọ́ mi. Don Juan tó ń yìn yìí náà ló wà lára àwọn tó fi ogun tẹ àwọn Morisco lórí ba ní agbègbè Granada. Ọmọ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n, tí wọ́n fi tipátipá sọ di Kìrìsítẹ́nì, tí wọ́n sì dìde ní 1568. Obìnrin, ọmọdé, wọ́n kó wọn tà lẹ́rú ní ìlú tí Latino ti ń kọ́ni, wọ́n sì lé àwọn tó kù lọ sí ibòmíràn. Ẹni tó mọ bí okùn ẹrú ṣe ń ta ni lọ́rùn ló kọrin fún balógun ogun náà. Àwọn kan yóò ní kí ló fẹ́ ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lónjẹ rẹ̀ wà, tó sì níyàwó àti ọmọ nílé? Ó ṣeé ṣe. Èmi ò dá a láre, n ò sì lè sọ pé èmi ìbá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Cervantes, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ bàjẹ́ nínú ogun Lepanto yẹn gan-an, dárúkọ Latino nínú àwọn ewì tó ṣáájú ìwé rẹ̀ Don Quixote, tó jáde ní 1605. Lẹ́yìn náà ni orúkọ náà rọlẹ̀. Ní 1926, Arturo Schomburg, ọmọ dúdú láti Puerto Rico tó ń kó ìwé àwa aláwọ̀ dúdú jọ ní New York, wọkọ̀ lọ sí Sípéènì láti wá ipasẹ̀ ọkùnrin yìí. Ní 1938, Spratlin, olùkọ́ ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà, kọ odidi ìwé lé e lórí.

Iṣẹ́ tí Latino ṣe kò ṣàjèjì nílé wa níbí o. Christopher Okigbo, akéwì tó bá ogun lọ ní 1967, Látìn àti Gíríìkì ló kà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì kọ́ àwọn ọmọ Fìdítì ní Látìn nílé ìwé girama wọn. Ní Ìbàdàn kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Lloyd Thompson ti kọ ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1989, lórí ojú tí àwọn ará Róòmù fi ń wo ènìyàn dúdú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe Látìn nílé ìwé, tí títíṣà fi pàṣán kọ́ yín ní ìparí ọ̀rọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹ kọ lẹ́tà sí wa, kẹ́ ẹ sọ èyí tó kù lórí yín. Àyè yín wà lójú ewé àwọn lẹ́tà.