Àríyànjiyàn Lórí Fóònù

Ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò ní àgbègbè Alímọ̀ṣọ́, àwọn ọ̀dọ́ a máa jiyàn lórí fóònù. Àwọn kan a ní kò sí èyí tí ó tó iPhone. Àwọn mìíràn a ní Android, irú bí Tecno àti Infinix, ni ó yẹ ọlọ́gbọ́n.

Irú àríyànjiyàn yìí ti wà tipẹ́. Ní 1982, kọ̀ǹpútà kékeré méjì jáde fún ìlò inú ilé: ZX Spectrum láti Ìlú Ọba, àti Commodore 64 láti Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Ìlú Ọba sì pín sí ọ̀nà méjì. Ìdí rẹ̀ ni pé eré tí a ṣe fún ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ lórí èkejì, agbára ọ̀pọ̀ òbí kò sì ká méjèèjì. Nítorí náà, olúkúlùkù ń yin tirẹ̀, kí owó tí ó ná má baà dàbí òfò.

Bẹ́ẹ̀ ni ti fóònù rí. Títí iPhone 15 fi jáde ní 2023, okùn tí a fi ń gba iná sí iPhone kò bá ti Android mu; aládùúgbò kò lè yá a lò lọ́wọ́ ara wọn.

Ní 1992, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe Spectrum dúró. Ní 1994, ilé-iṣẹ́ Commodore kógbá sílé. Ohun tí àwọn ọmọ torí rẹ̀ bínú síra wọn ti di ohun àtijọ́. Kí ọ̀dọ́ má ṣe jẹ gbèsè, kí ó má sì pàdánù ọ̀rẹ́, nítorí fóònù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.