Bí Bàálù Bá Pẹ́: Ẹ̀tọ́ Èrò tó Ń Gba Kútọnu Lọ sí Yúróòpù

Oríṣiríṣi nǹkan ló ń mú kí bàálù pẹ́ láàárín Kútọnu àti Yúróòpù. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, eruku ọyẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń bo ojú ọ̀run débi pé awakọ̀ kì í rí pápá dáadáa. Nígbà òjò, ìjì ni. Ẹ́ńjìnnì lè yọnu, òṣìṣẹ́ lè daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba kan sì lè ti ojú òfurufú rẹ̀ pa, bí Niger ti ṣe ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, tí àwọn ọkọ̀ fi ní láti gba ọ̀nà tó jìn.

Òfin tó lágbára jù lójú ọ̀nà yìí ni Òfin 261 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní ọdún 2004. Gbogbo ọkọ̀ tó bá gbéra ní ilẹ̀ àjọ náà wà lábẹ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ni ín. Èyí tó bá gbéra ní Kútọnu kò sí lábẹ́ rẹ̀, àfi tí ilé-iṣẹ́ tó ń fò ó bá jẹ́ ti Yúróòpù, bí Air France tàbí Brussels Airlines. Ẹni tó bá bá Ethiopian Airlines lọ sí Paris láti Kútọnu kò lè gbára lé e. Tó bá ń bá ilé-iṣẹ́ kan náà ti Paris bọ̀ wálé, ó lè gbára lé e. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ẹyọ kan láti Paris gba Casablanca dé Kútọnu, òfin náà bo ìpẹ́ tó ṣẹlẹ̀ ní Casablanca pẹ̀lú. Ilé ẹjọ́ gíga Yúróòpù ti fìdí irú èyí múlẹ̀ ní 2018, nínú ẹjọ́ tó kan Royal Air Maroc.

Kútọnu sí Paris ju kìlómítà 3,500 lọ, nítorí náà owó gbà-má-bínú jẹ́ yúrò 600 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 393,500 owó Sẹ́fà. Bí ìpẹ́ bá tó wákàtí mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tó mẹ́rin, ilé-iṣẹ́ lè san ìdajì. Wákàtí tí ọkọ̀ dé ni wọ́n ń kà, kì í ṣe èyí tó gbéra. Dídé náà kì í sì í ṣe ìgbà tí táyà kan ilẹ̀, bí kò ṣe ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí kí èrò lè sọ̀kalẹ̀. Ó yẹ kí èrò wo aago nígbà náà, kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Eruku, ìjì àti ojú òfurufú tí wọ́n tì kò ní owó gbà-má-bínú. Ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ àti ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sábà máa ń ní in. Ṣùgbọ́n ohun yòówù kó fà á, tí ìpẹ́ bá ti tó wákàtí mẹ́rin, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè oúnjẹ àti ohun mímu. Tó bá di ọjọ́ kejì, òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ tó ń gbé èrò lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì yìí kan ará Bantè àti Savalou gan-an, nítorí ilé wọn ju 200 kìlómítà lọ sí pápákọ̀ Cadjèhoun. Kò yẹ kí ìyá àgbà tó ti Bantè wá sun orí bẹ́ǹṣì nítorí pé kò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ni. Bí ìpẹ́ bá tó wákàtí márùn-ún, èrò lè fi ìrìn náà sílẹ̀, kó gba owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Calavi, lójú ọ̀nà Kútọnu, tó mú kí èrò pàdánù ọkọ̀ kò sí nínú òfin kankan. Nítorí náà, ní àsìkò ọdún iṣu Savalou, 15 oṣù Kẹjọ, ó dára kí àwọn tó ń padà sí òkè òkun ti wọ Kútọnu ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Níbi tí òfin Yúróòpù kò dé, Àdéhùn Montréal ti 1999 wà. Àdéhùn yìí kò dá iye kan sọ́tọ̀. Ìnáwó tí ìpẹ́ fà ló ń dá padà, fún ẹni tó bá ní rìsíìtì. Ẹ̀sùn ẹrù tó pẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ láàárín ọjọ́ 21 tí ẹrù dé ọwọ́ olówó rẹ̀. Gbèdéke ìpẹjọ́ jẹ́ ọdún méjì. UEMOA, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná owó Sẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, náà ní ìlànà tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 2003.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ̀wé sí, pẹ̀lú ẹ̀dà tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìwọkọ̀. Bí kò bá dáhùn, ANAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Benin, wà ní Kútọnu. Lábẹ́ òfin Yúróòpù, kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè fi ìwé ẹ̀dínwó rọ́pò owó láìjẹ́ pé èrò fọwọ́ sí i, nítorí náà kí ẹni tí kò gbọ́ Faransé wá ẹni tó máa ka ìwé náà fún un kó tó fọwọ́ sí i.