Ṣé Ẹ Mọ̀? Ọlidé Àwọn Ọmọ Alímọ̀ṣọ́ Kò Ní Láti Gbówó Ńlá

Ṣé ẹ mọ̀ pé nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan, tí kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan ní ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ jiyàn nígbà náà pé iye yẹn kéré sí iye tó wà nílẹ̀. Ìlú ńlá ni wá. Síbẹ̀, bí iléèwé bá ti gba ọlidé ní ìparí oṣù Keje, ẹ rìn láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgándò, ẹ ó rí ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń lo ọlidé ọ̀hún: wọ́n wà ní lẹ́sìn, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn, tàbí kí wọ́n wà nídìí tẹlifíṣọ̀n títí iná yóò fi lọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn àlejò láti South Africa àti orílẹ̀-èdè mìíràn fi ń wọkọ̀ òfurufú wá sí Ìkòtún nítorí ìjọ Synagogue, débi pé òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìgbàlejò pọ̀ káàkiri àdúgbò náà? Ẹlòmíì ń náwó ìrìnàjò wá síbi tí à ń gbé. Ó yẹ kí ọmọ tiwa náà rí ibòmíì.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ àti baba rẹ̀, iye kan náà ni wọ́n ń san fún físà àbẹ̀wò Amẹ́ríkà? Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là 185 ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn kò bá fúnni ní físà. Baba, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, dọ́là 925 nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Bí dọ́là bá jẹ́ 1,500 náírà, owó yẹn ju 1,387,000 náírà lọ. Òṣìṣẹ́ tó ń gba 85,000 náírà, tí ìjọba Èkó fi ṣe owó oṣù tó kéré jù ní 2024, yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù 16 lọ láìfọwọ́ kan kọ́bọ̀ kó tó pé. Mi ò bá ẹni tó lágbára rẹ̀ jà. Ẹni tí kò ní in ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pé kó má jẹ́ kí àwòrán ọmọ ẹlòmíì ní ìlú òyìnbó sọ ọ́ di ajẹgbèsè.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ní London, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ bí àgbà bá mú un dání? Ní New York, gíga ọmọ ni wọ́n ń wò: ọmọ tí kò ga ju ínṣì 44 lọ, ọ̀fẹ́ ló ń wọkọ̀ pẹ̀lú òbí rẹ̀. Àwọn mùsíọ́mù ìjọba ní London náà, láti ìparí ọdún 2001, ọ̀fẹ́ ni ìwọlé wọn. Ìdí nìyí tí ìyá Yorùbá kan ní Peckham fi lè kó ọmọ mẹ́ta jáde láàárọ̀ kó sì kó wọn padà lálẹ́ láìná ju owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan lọ.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ owó ọlidé jù lọ́dọ̀ tiwa? Ọ̀pọ̀ rò pé owó ìwọlé ni. Ọkọ̀ ni. Kí ó tó di 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti lé ní 480 náírà l'Ékòó, kò sì padà sẹ́yìn mọ́. Ẹ wá wo ẹni tó fẹ́ kó ọmọ mẹ́ta láti Ìgándò lọ sí Lẹ́kí: kòròpé dé Ìkòtún, dáńfó dé Ọ̀shòdì, òmíràn dé Ọ̀báléńdé, òmíràn dé Lẹ́kí, kẹ̀kẹ́ wọnú. Márùn-ún ní àlọ, márùn-ún ní àbọ̀. Bí ọmọ bá ti jókòó gba àyè, kọ̀ńdọ́ yóò gbowó rẹ̀, “Ẹ gbé ọmọ yẹn lẹ́sẹ̀!” ni yóò máa pariwo bí ẹ kò bá fẹ́ san. Ọmọ ọdún méje kò sì ṣeé gbé lẹ́sẹ̀ láti Ọ̀shòdì dé Ọ̀báléńdé nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Kí ẹ tó débẹ̀, ọmọ ti bì, ó ti sú ìyá, owó ti dín kù. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi nìyí, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání: iye ìgbà tí ẹ ó sọ̀kalẹ̀ wọ òmíràn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó béèrè bí ibẹ̀ ṣe dára tó.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Ìbàdàn ń dúró ní Agége? Kìlómítà 157 ni ojú irin ọ̀hún láti Èkó dé Ìbàdàn, oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìpájà kò nílò láti kọ́kọ́ lọ sí Yábàá kó tó wọ̀ ọ́. Láti Agége, ẹ ó jókòó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá ti rìnrìn àjò pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́ta lójú ọ̀nà Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ lè dìde, ó lè na ẹsẹ̀, ó lè fi imú tẹ fèrèsé kó máa ka màlúù. Ìrìnàjò yẹn fúnra rẹ̀ ti tó ìdajì ọlidé fún ọmọ tí kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Mọníyà tí ọkọ̀ náà ń gúnlẹ̀ sí kò jìnnà sí Yunifásítì Ìbàdàn? Ẹ ó gba Òjóò kọjá ni, ẹ ó sì dé ẹnubodè UI láìwọ àárín ìgboro rárá. Inú ọgbà yẹn ni ọgbà ẹranko wà. Ọdún 1948 ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko jọ síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì di ọgbà ẹranko fún gbogbo ènìyàn ní 1974. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti di bàbá àgbà lónìí, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí ọ̀nì lójú ara rẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, n kò mọ ibi tó dára jù ú lọ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá: ilẹ̀ tẹ́jú, igi pọ̀, ọ̀nà láti ilé ẹranko kan sí èkejì kò gùn, ẹ sì lè jókòó lábẹ́ igi kí ẹ ṣí kúlà ìrẹsì yín.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọgbà Agodi tí ọmọ ń sáré nínú rẹ̀ lónìí, omíyalé Ògùnpa ti bà á jẹ́ rí? Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò yẹn ya, ẹ̀mí púpọ̀ ṣòfò, dúkìá sì lọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ọgbà náà ṣe, tí wọ́n sì tún ṣí i ní 2014. Omi wà níbẹ̀, ibi ìṣeré ọmọdé wà níbẹ̀. Ẹ má fi Agodi àti ọgbà ẹranko sí ọjọ́ kan náà. Ọmọ kékeré kì í gbádùn ibi kejì. Ẹkún ló máa ń fi wò ó.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Ilé Kòkó tó ga ní àjà 26, tí wọ́n parí ní 1965, owó tí àwọn àgbẹ̀ kòkó pa ni wọ́n fi kọ́ ọ? Ẹ kọjá níwájú rẹ̀ kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó ti mọ̀wé kà. Ilé ìṣọ́ Bower lórí òkè Àrẹ̀ wà níbẹ̀ láti 1936, gbọ̀ngàn Màpó láti 1929. Àwọn òrùlé pípọ́n tí a ń gbọ́ nípa Ìbàdàn, láti orí ilé ìṣọ́ Bower ni wọ́n ti ń hàn kedere. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè ni kí ẹ mú gun ibẹ̀.

Ibi tí ẹ ó sùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ní Alímọ̀ṣọ́ ló ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyá àgbà n'Íbàdàn tí a kì í rí àfi níbi òkú. Ẹ pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ gbé àpò ìrẹsì kékeré àti òróró dání, kí ẹ má ṣe sùn ju òru méjì lọ. Ọmọ tó mọ ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti jèrè ohun tí òtẹ́ẹ̀lì kò lè tà fún un.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn yẹn náà ń dúró ní Abẹ́òkúta? Ọ̀nà mọ́tò Èkó sí Abẹ́òkúta gba Abúlé Ẹ̀gbá àti Alágbàdo kọjá, ẹnu ọ̀nà wa gan-an ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti há sí Sàǹgó Ọ̀tà rí kò ní fẹ́ há síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Àpáta Olúmọ tó wà ní Abẹ́òkúta ga ní mítà 137 sí ojú òkun. Abẹ́ àpáta yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1830 fi ṣe ààbò nígbà ogun. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí àtẹ̀gùn. Ẹ béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó gbé ọmọ pọ̀n.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Lateef Jakande, gómìnà Èkó nígbà kan, ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro fún Èkó kí ìjọba ológun tó fagi lé e ní 1985? Ogójì ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí a tó rí i. 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina, kìlómítà 13. Oṣù Kẹwàá 2024 ni aláwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ láti Agbádo dé Oyíǹgbò, ó sì ń dúró ní Ìjú àti Agége. Ẹ̀yin ará Abẹ́ṣan tó ń gbé inú ilé tí Jakande kọ́, ẹ sọ ìtàn yẹn fún àwọn ọmọ bí ẹ bá jókòó nínú ọkọ̀ náà.

Bí ẹ kò bá lè sùn níta, ọjọ́ kan tó péye wà nínú ọkọ̀ búlúù yẹn. Láti Ìkòtún ẹ wọ mọ́tò Cele, láti Cele dé Mile 2. Ẹ gba káàdì Cowry, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ fi kan ẹ̀rọ. Kí ẹ tó dé Marina, ẹ ó rí ilé ìṣeré ńlá tó wà ní Ìgànmú tí wọ́n kọ́ nítorí FESTAC 77, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ yóò gorí omi ọ̀sà, ariwo àwọn ọmọ yóò sì sọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, Freedom Park ní Broad Street kò jìnnà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn ni tẹ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ rí. 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Mùsíọ́mù Oníkàn, tó wà láti 1957, ló ní mọ́tò tí wọ́n pa Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní 13 oṣù Kejì ọdún 1976, pẹ̀lú ojú ọta ìbọn lára rẹ̀. Èyí kì í ṣe ti ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ṣé ẹ mọ̀ pé afárá orí igi ní Lekki Conservation Centre gùn ní mítà 401? Ó dára púpọ̀, àmọ́ afárá náà ń mì, ibẹ̀ sì jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà díẹ̀ sí i.

Ṣé ẹ mọ̀ pé láti Ìgándò, ẹ lè dé Àgbádárìgì láìwọ Ọ̀shòdì rárá? Ọ̀nà LASU ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n parí ní 1845, ṣì dúró níbẹ̀. Ọmọ tó ti ń kọ́ ìtàn òwò ẹrú níléèwé ni kí ẹ mú lọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní “summer” jẹ́ àsìkò òjò lọ́dọ̀ wa? Oṣù Kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù l'Ékòó. Nígbà tí oṣù Kẹjọ bá wọlé, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, oòrùn kò sì ní í le. Ìgbà yẹn ló dára jù láti rìn pẹ̀lú ọmọ. Ṣùgbọ́n òkun kò rọ̀ nígbà náà. Ìgbì máa ń le ní oṣù Keje àti Kẹjọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etí òkun Kúrámọ̀, ó sì gbé èèyàn lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má mú ọmọ kékeré lọ wẹ̀ nínú òkun nígbà ọlidé yìí, bó ti wù kí ó rọrùn tó.

Kí ẹ tó jáde, ẹ pe ibi tí ẹ ń lọ láti béèrè iye owó àti àkókò, torí wọ́n máa ń yí padà. Ẹ béèrè bóyá ọmọ kékeré ń sanwó. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi láti ilé, aṣọ òtútù kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá fún ẹni tó bá fẹ́ bì. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú ìwé, kí ẹ fi sí àpò ṣòkòtò tàbí búláòsì wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ iṣẹ́ kan, kì í ṣe ọjọ́ Sátidé. Lẹ́sìn yóò dúró dè wọ́n.