Àgbàbọ̀ Ṣòkòtò Tó Bá Ni Mu: Ẹ̀kọ́ Tí A Rí Kọ́ Lára Metallica

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò bá ṣo ni lẹ́sẹ̀, a fún ni nítan. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó gba ṣòkòtò náà bá jẹ́ télọ̀ ńkọ́? Bó bá tú u, tó tún un rán sí ìwọ̀n ara rẹ̀, tó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé lágbájá ló ni aṣọ náà?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tó fa ìbéèrè yìí kò jìnnà. Níbi àjọ̀dún wa kan níhìn-ín lókè ọya, àwọn ọ̀dọ́ wa fi gángan àti gìtá kọ orin Haúsá kan. Àwọn àgbà kan bínú jáde, wọ́n ní àwọn ọmọ ti sọ ilé nù. Àwa tí a jẹ́ aṣáájú gbè sẹ́yìn àwọn àgbà, a sì bá àwọn ọmọ wí lójú èrò. Láti ọjọ́ náà ni àga wọn ti ṣófo nípàdé. Ọ̀kan nínú wọn ló wá bá wa nílé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fetí sí èyí." Síídì Metallica ló gbé sílẹ̀. Ariwo lásán la kọ́kọ́ pè é, àfìgbà tí a gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Metallica jẹ́ ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà tó ń kọ orin líle tí wọ́n ń pè ní heavy metal. Gìtá wọn a máa ké bí ẹ̀rọ ìlagi, ìlù wọn a máa dún bíi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń gún iyán pọ̀. Los Angeles ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1981. Lars Ulrich, onílù wọn, àtìpó bíi tiwa ni. Denmark ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1963, ọdún 1980 ló dé Los Angeles. Ìpolówó tó fi sínú ìwé ìròyìn ló mú òun àti James Hetfield pàdé. Lọ́dún 1981 kan náà, ó gbéra lọ sí Ìlú Ọba nítorí ẹgbẹ́ olórin Diamond Head tó fẹ́ràn, ó sì dé sílé wọn bí ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Nígbà tí Metallica kọ́kọ́ ṣeré ní gbangba, ní oṣù kẹta ọdún 1982, èyí tó pọ̀ jù nínú orin tí wọ́n kọ kì í ṣe tiwọn. Mẹ́rin níbẹ̀ jẹ́ ti Diamond Head. Wọn kò sọ pé tàwọn ni, wọn kò sì sọ pé ti ẹlòmíràn ni. Àṣìṣe ọmọdé nìyẹn, wọ́n sì tún un ṣe nígbà tó yá.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, bọ́ọ̀sì wọn ní ìjàǹbá ní Sweden, Cliff Burton tó ń ta gìtá bẹ́ẹ̀sì sì kú. Ẹni tó bá ti sin ará ilé rẹ̀ rí nílẹ̀ àjèjì mọ bí ó ti máa ń rí. Wọ́n gba Jason Newsted sí ipò rẹ̀. Lọ́dún 1987, wọ́n kó wọ gáréèjì ilé Ulrich, orin olórin ni wọ́n sì fi dánra wò. Nígbà tí wọ́n gbé orin náà jáde, wọ́n kọ iye owó rẹ̀, dọ́là 5.98, mọ́ orúkọ àwo náà, kí oníṣòwò má baà bu owó lé e.

Oṣù kọkànlá ọdún 1998 ni èyí tó tóbi jù jáde: Garage Inc., síídì méjì, orin olórin látòkè délẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ orin wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ń lọ bá a. Bob Seger ló ni Turn the Page, orin nípa olórin tí ìrìn àjò ti sú, tí wọ́n ń wò bí ẹni tó já bọ́ láti ọ̀run. Sasofóònù ló ń sunkún nínú ti Seger. Metallica kò lo sasofóònù. Gìtá ni Kirk Hammett fi sun ẹkún náà. Nígbà tí wọ́n kọ Tuesday's Gone, orin Lynyrd Skynyrd, Gary Rossington tó wà nínú ẹgbẹ́ náà wá bá wọn ta gìtá. Onílé fúnra rẹ̀ bá àlejò jókòó.

Èyí tó wọ̀ wá lákínyẹmí jù ni Whiskey in the Jar, orin ìbílẹ̀ àwọn ará Ireland. Thin Lizzy kọ ọ́ lọ́dún 1972. Aṣáájú wọn, Phil Lynott, aláwọ̀ dúdú ni: ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ireland, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Guyana, ọ̀dọ̀ àwọn òbí ìyá rẹ̀ ní Dublin ló sì ti dàgbà. Ọmọ dúdú yìí gbé orin àwọn baba ńlá ìyá rẹ̀ lé gìtá, ó sì di ti gbogbo ayé. Láti ọdún 2005 ni ère rẹ̀ ti wà ní Dublin. Ọ̀dọ̀ Thin Lizzy ni Metallica ti gba orin náà, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy fún wọn lọ́dún 2000.

Wọn kò sì dúró síbẹ̀. Lọ́dún 2018 ní Prague, Robert Trujillo, tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Mexico, fi èdè Czech kọ orin apanilẹ́rìn-ín Ivan Mládek. Lọ́dún 2019 ní Moscow, ó fi èdè Rọ́ṣíà kọ orin ẹgbẹ́ Kino, èrò sì ń bá a gbè é. Ẹni a bá lábà ni baba. Àlejò tó bá fi èdè onílé kí onílé kì í pàdánù.

Ọdún 2021 ni ohun tí wọ́n ṣe padà sọ́dọ̀ wọn. Olórin mẹ́tàléláàádọ́ta, oríṣiríṣi ẹ̀yà orin, tún orin inú àwo Metallica ti ọdún 1991 kọ, kálukú lọ́nà tirẹ̀, owó rẹ̀ sì lọ sí iṣẹ́ àánú.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jẹ́ ká rántí ilé. Ṣé inú wéré tí wọ́n fi ń jí èèyàn sáàrì kọ́ ni fújì ti jáde, tó tún mú lára àpàlà àti sákárà? Ṣé àwọn onijùjú wa kì í mú orin ìjọ wọ inú orin tiwọn ni? Orin tí àwọn ọmọ wa kọ lọ́jọ́ náà, Haúsá ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n gángan wa ló gbé e. Wọ́n tún ṣòkòtò náà rán ni, àwa ò wo ojú abẹ́rẹ́.

Nítorí náà, àwa tí a bá wọn wí ní gbangba, ní gbangba náà la fi ń bẹ̀ wọ́n. Ẹ padà wá sípàdé. Ohun méjì péré la ń bẹ̀ yín fún: ẹ máa dárúkọ ẹni tó ni orin kí ẹ tó kọ ọ́, kí ẹ sì máa fi orin ilé kan tì í, torí odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ bínú jáde, a ti ní kí wọ́n fi àga yín síwájú. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àjò yìí dùn mọ́ tọmọdé tàgbà wa, kó sì mú wa délé láyọ̀. Àmín.