Kí Ẹ Tó Kówó Lé Ańpílífáyà Olówó Ńlá ní Etí Òkun Àgbádárìgì

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé òde àríyá kan ní etí òkun Àgbádárìgì, yálà ní Suntan tàbí ní ọ̀nà Ìwòrò, yóò ti gbọ́ irú báàsì tí à ń wí yìí. Onígìtá fọwọ́ kan okùn, ó gbé ọwọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ohùn náà kò lọ. Ó ń hó lọ ṣáá títí òmíràn fi dé bá a. Ìyá ìlù ń fọhùn lábẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń wí. Àwọn àlejò á ní ẹ̀rọ náà lágbára. Ẹni tó gbọ́ èdè ìlù á ní ó ti pa ìlù.

Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹnu wa. Bí báàsì bá ń fà kọjá àkókò rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ìlù ni yóò kọ́kọ́ bò mọ́lẹ̀, oríkì a sì di ariwo lásán. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún Sato, ìlù ńlá tí àwọn Ògù Àgbádárìgì ń lù: bí ìró kọ̀ọ̀kan kò bá dá dúró, ẹlẹ́sẹ̀ ijó kò ní mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ ná owó gidi sórí ańpílífáyà, ìbáà jẹ́ ti ilé, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti òde ìnáwó, fi ní láti mọ ohun tó ń mú báàsì dúró, yàtọ̀ sí ohun tó ń mú un pariwo.

Inú sípíkà ni awọ kan wà tí a so mọ́ wáyà wíwé kan láàárín mágnẹ́ẹ̀tì. Bí ańpílífáyà bá rán iná wá, awọ náà a máa lọ síwájú sẹ́yìn. Okùn tó nípọn jù lára gìtá báàsì olókùn mẹ́rin ń mú un gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná bá dúró, awọ náà kì í fẹ́ dúró. Ó dà bí ọkọ̀ ojú omi tí a pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó ṣì ń sún lọ lórí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n bó ti ń mira bẹ́ẹ̀, òun náà ti di jẹnẹrétọ̀ kékeré, ó ń rán iná tirẹ̀ padà sínú ańpílífáyà. Bí ìdènà tó wà nínú ańpílífáyà bá kéré, iná yìí yóò ṣàn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sì di ìjánu tó fa awọ náà dúró. Bí ìdènà náà bá pọ̀, kò sí ìjánu.

Ọgbọ́n tó jẹ́ kí ìdènà yìí kéré ní ìtàn tó dùn ún gbọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1927, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, Harold Black, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá odò Hudson lọ sí New York, bí àwọn ará Àgbádárìgì ti ń wọ ọkọ̀ sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu. Ibẹ̀ ni èrò náà ti sọ sí i lọ́kàn: kí a bu díẹ̀ nínú ohun tó ń jáde lára ẹ̀rọ, kí a dá a padà sí ẹnu rẹ̀ lódìlódì, kí ẹ̀rọ lè máa fi tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe. Ojú ìwé ìròyìn New York Times tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí. Ọ̀pọ̀ jù lọ ańpílífáyà tí ẹ óò rí lọ́jà lónìí ló ń lo ọgbọ́n yìí.

Nínú ìwé tó ń bá ẹ̀rọ wá, damping factor ni wọ́n ń pe nọ́ńbà tó ń fi agbára ìjánu hàn. Wọ́n fi ìdènà ańpílífáyà pín ìdènà sípíkà ni. Bí sípíkà bá jẹ́ ohm 8, tí ańpílífáyà jẹ́ ohm 0.04, nọ́ńbà náà jẹ́ 200. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí àwọn ra èyí tó jẹ́ 2000, owó a sì lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní wáyà tó ti ara ańpílífáyà lọ sí sípíkà jẹ́ mítà 15, tó sì jẹ́ wáyà 1.5 tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń so gílóòbù. Lílọ àti bíbọ̀ jẹ́ mítà 30, ìdènà rẹ̀ yóò tó ohm 0.34. Ańpílífáyà oní-200 yẹn ti di 21. Èyí tó jẹ́ 2000 náà, tí ẹ fi owó rẹpẹtẹ rà, di 23 péré. Bí ẹ bá so sípíkà méjì pọ̀ sórí wáyà kan náà, oní-200 yóò já sí nǹkan bí 10. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi wáyà 4 rọ́pò wáyà 1.5 lórí sípíkà kan, oní-200 yẹn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 47. Kí ẹ tilẹ̀ gbé ańpílífáyà sún mọ́ sípíkà ló dára jù. Wáyà wíwé inú sípíkà ohm 8 fúnra rẹ̀ sábà máa ń ní ìdènà bí ohm 6, kò sì sí ańpílífáyà tó lè mú un kúrò. Bí ẹ bá ti kọjá 50, agbára káká ni etí fi lè mọ ìyàtọ̀.

Ibi tí owó ti yẹ kó lọ, ní èrò tèmi, ni ibi tí ańpílífáyà ti ń rí iná jẹ. Báàsì ló ń jẹ iná jù. Ẹ wo ohun tí ìwé ẹ̀rọ sọ: bí ó bá jẹ́ watt 100 lórí ohm 8, tó sì sún mọ́ watt 200 lórí ohm 4, àpò iná rẹ̀ jinlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 120 péré lórí ohm 4, yóò máa mí hẹlẹ nígbà tí ìlù bá gbóná.

Ìṣòro tiwa sì tún wà níbẹ̀. Volt 230 ló yẹ kí iná ilé jẹ́. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ sí 160 lálẹ́, ańpílífáyà onítiransifọ́mà tó jẹ́ watt 200 lè má tó watt 100 mọ́. Bí a bá ṣì fipá yí i sókè, yóò máa gé orí ohùn, báàsì yóò pọ̀ bí ẹrẹ̀, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde sì lè jó. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, mo fara mọ́ ańpílífáyà Class D tí ìwé rẹ̀ sọ pé ó lè jẹ iná láti volt 100 dé 240. Ó fúyẹ́, kì í gbóná púpọ̀, kì í sì í fi iná jẹnẹrétọ̀ ṣòfò. Kì í ṣe pé àwọn ògbólógbòó tó wúwo kò dára, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọn yóò ra sitebiláísà gidi mọ́ ọn.

Ọjà Alábà ní Ọjọ́, lójú pópónà Èkó sí Àgbádárìgì, ni ọ̀pọ̀ ará etí òkun ti ń rajà yìí. Ẹ má tẹ́tí sí nọ́ńbà PMPO tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Ẹ béèrè iye watt tí ẹ̀rọ lè gbé jáde láìdánudúró. Ní Amẹ́ríkà, irú àbùmọ́ báyìí ló jẹ́ kí ìjọba fi òfin de ìpolówó ańpílífáyà inú ilé ní ọdún 1974. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá volt 120 ti Amẹ́ríkà ni, kí ẹ sì rántí pé omi inú kapásítọ̀ tó ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ti gbẹ. Ẹ mú àwo tí ẹ mọ̀ dunjú dání, ti Ebenezer Obey tàbí ti King Sunny Adé, èyí tí gìtá báàsì àti ìlù ti jọ ń sọ̀rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà yí i sókè. Lábẹ́ ohùn jẹ́jẹ́ ni kí ẹ ti gbọ́ bóyá báàsì ń dúró nígbà tí onígìtá bá dúró.

Atẹ́gùn oníyọ̀ kò mọ ẹ̀rọ olówó ńlá yàtọ̀. Ó ń sọ orí wáyà bàbà di àwọ̀ ewé, níbi tí ìso bá sì ti dípẹtà, ìdènà tuntun dé nìyẹn. Ańpílífáyà tí kò ní fáànù sàn fún ilé tó kọjú sí òkun, nítorí fáànù ń fa iyọ̀ wọ inú. Lóṣooṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ pa iná, ẹ tú àwọn ìso, ẹ gé orí wáyà tó ti yí àwọ̀, kí ẹ sì dì í le padà.

Bí báàsì bá ṣì ń fà lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fa sípíkà kúrò ní igun ilé, kí ẹ gbé e síwájú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tún gbọ́ ọ wò kí ẹ tó padà sí Alábà.